Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Ìgbà Òtútù: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Bi Mí ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìwádìí jókòó. Oríṣi ènìyàn méjì ló ń bi mí nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń mú ènìyàn nígbà òtútù. Àwọn kan ni òbí tí ọmọ wọn wà ní Kánádà, Ìlú Ọba, Finland tàbí Norway, tí ohùn ọmọ náà ti yí padà lórí fóònù láti oṣù kọkànlá. Àwọn kejì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi í ṣe pírójẹ́ẹ̀tì: wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí àìsàn yìí mú ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé apá àríwá ayé, tó sì fi ẹnì kejì sílẹ̀. Mo da ìdáhùn àwọn méjèèjì pọ̀ síbí, torí ohun tó yẹ kí olùwádìí béèrè náà ló yẹ kí òbí béèrè. Èrò tèmi ni pé òkùnkùn nìkan kọ́ ni ká máa dá lẹ́bi. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ sí òkùnkùn lọ́rùn máa ṣi ìwádìí ṣe, ó sì máa ṣi ọmọ tọ́jú.

Kí ni àìsàn yìí gan-an? Ṣé kì í ṣe òtútù lásán ló ń mú wọn?

Ó yàtọ̀ sí òtútù. Ẹni tí òtútù ń mú, tó bá wọ kóòtù tó sì mu tíì gbígbóná, ara rẹ̀ á yá. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì yìí bá mú, inú yàrá tó gbóná náà ni ọkàn rẹ̀ ti máa wúwo. Á máa sùn ṣáá, síbẹ̀ oorun kò ní tó o. Búrẹ́dì, ìrẹsì, nǹkan dídùn ni ọkàn rẹ̀ á máa fà sí, ara rẹ̀ á máa sanra. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan á di ẹrù, kò ní fẹ́ rí ènìyàn, ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ kò ní wù ú mọ́. Oorun àti jíjẹ yìí ló máa ń tàn wá jẹ, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí a mọ̀ jù nílé ni èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀fun rẹ̀. Ìyá á rí ọmọ tó sanra lórí fídíò, á ní Ọlọ́run ṣeun, ìlú òyìnbó ti gba ọmọ mi.

Àwọn dókítà kì í pe é ní ti ìgbà òtútù àfi tó bá ti ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra wọn fún ọdún méjì ó kéré tán: kó dé nígbà tí ojúmọ́ bá ń kúrú, kó sì lọ nígbà tí oòrùn bá padà.

Ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà, NIMH, ní Maryland, kọ̀wé nípa rẹ̀ tí wọ́n sì fún un lórúkọ, Seasonal Affective Disorder (SAD). Mo fẹ́ kí àwa ará Áfíríkà mọ̀ pé ọmọ Johannesburg ni Rosenthal. Ìgbà tó kó dé New York ló ṣàkíyèsí pé agbára òun máa ń lọ sílẹ̀ nígbà òtútù. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá ní òun kò mọ̀ bí òun ṣe ń ṣe láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, ẹ má sọ pé ó ń ṣe àṣejù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú wọlé ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Òun ló ń dá melatonin dúró, ìyẹn họ́mọ̀nù òru tó ń sọ fún ara pé àsìkò oorun ti tó. Lọ́dún 1980 ni Alfred Lewy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere lè dá melatonin dúró lára ènìyàn. Nígbà tó di 2001, Thomas Wehr àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé lára àwọn tó ní àìsàn yìí, àsìkò tí melatonin fi ń jáde lóru máa ń gùn sí i nígbà òtútù ju ìgbà ooru lọ. Lára àwọn tí kò ní i, kò yí padà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń fura sí serotonin, kẹ́míkà inú ọpọlọ tó nípa lórí bí inú wa ṣe máa ń dùn tàbí bàjẹ́: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002 láti Australia fi hàn pé bí ọpọlọ ṣe ń ṣe é máa ń lọ sílẹ̀ nígbà òtútù, tó sì máa ń gòkè lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú nínú rẹ̀ ni pé òkùnkùn kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, ara wọn ló gbà á lọ́nà tó yàtọ̀.

Ṣé bí ìlú bá ṣe wọ apá àríwá tó ni àìsàn náà ṣe ń pọ̀ tó?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò nìyẹn, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990 ní Amẹ́ríkà sì gbè é lẹ́yìn. Ní Sarasota, ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí oòrùn ti pọ̀, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí pé ó ní in. Ní Nashua, ìpínlẹ̀ New Hampshire, lápá òkè, wọ́n rí ìdá 9.7. Lọ́dún 1992, wọ́n rí ìdá 9.2 ní Fairbanks ní Alaska, níbi tí ojúmọ́ kì í pé wákàtí mẹ́rin nígbà tó bá kúrú jù nínú oṣù kejìlá. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Iceland wọ apá àríwá ju Nashua lọ fíìfíì, àmọ́ nígbà tí Andres Magnusson àti Jon Stefansson wádìí níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 1993, ìdá 3.8 péré ni wọ́n rí. Magnusson kò fi mọ síbẹ̀. Òun àti Johann Axelsson kọjá sí Manitoba ní Kánádà, wọ́n bá àwọn tí baba ńlá wọn ti Iceland wá tẹ̀ dó síbẹ̀, ìdá 1.2 ni wọ́n rí láàárín wọn. Wọ́n wá ń rò ó pé bóyá àwọn tó ti gbé inú òkùnkùn láti ìran dé ìran ti ní ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń dáàbò bò wọ́n. Èrò ni o, kò tíì di òfin, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ wádìí nípa ọmọ Yorùbá dúró sórí rẹ̀ dáadáa, nítorí kò sí ìran kankan nínú tiwa tó gbé inú òkùnkùn rí.

Ẹ tún wo Tromsø ní Norway. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàárín ará ìlú náà, tó jáde lọ́dún 2012, kò rí i pé ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ sí i nígbà òtútù ju ìgbà yòókù lọ. Ìṣòro oorun ló pọ̀ sí i díẹ̀. Lọ́dún 2016, Megan Traffanstedt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìdáhùn ènìyàn 34,294 wò ní Amẹ́ríkà, wọn kò rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń tẹ̀ lé ìgbà, wọn kò sì rí i pé ó ń tẹ̀ lé bí ìlú ṣe wọ apá àríwá tó.

Àwọn kan ti torí èyí sọ pé àìsàn náà kò sí. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn aláìsàn wà, ọdọọdún ni wọ́n ń padà wá sí ilé ìwòsàn ní oṣù kan náà, ìmọ́lẹ̀ sì ń wò wọ́n sàn. Ohun tí iṣẹ́ wọ̀nyí fi hàn ni pé àwọn tó ní i kò pọ̀ tó bí a ṣe rò, àti pé orúkọ ìlú tí ènìyàn ń gbé kò tó láti fi mọ ẹni tó máa mú.

Kí wá ni àwọn ohun tó ń jẹ́ kó tètè mú ènìyàn?

Èyí tí ọwọ́ mi dúró lé jù ni àìsàn ọkàn tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú rí, àti ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ga sókè kọjá ààlà tó tún máa ń já wálẹ̀, àìsàn tí wọ́n ń pè ní bipolar, àwọn ni ìgbà òtútù ń tètè rí mú. Ilé sì là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá ti ní irú rẹ̀ rí, ewu tọmọ pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni kò ní sọ èyí. Ẹ ó bi wọ́n, wọ́n á ní a kì í ní irú ẹ̀ nílé wa. Ẹ tún un bi lọ́nà mìíràn, pé ṣé bàbá àgbà kan wà tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún oṣù kan tí kì í yọjú sóko, ẹ ó rí i pé ìtàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ìtọ́jú, nílé ìwòsàn mìíràn obìnrin mẹ́rin ni wọ́n ń rí sí ọkùnrin kan. Ọjọ́ orí náà ń bẹ níbẹ̀. Láàárín ọdún 18 sí 30 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí yìí gan-an ni àwọn ọmọ wa sì ń jápa.

Lẹ́yìn náà ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ènìyàn gan-an, èyí tó yàtọ̀ sí iye ìmọ́lẹ̀ tó wà nílùú. Ẹ wo ọmọ wa kan tó ń tọ́jú arúgbó lóru ní Manchester nínú oṣù kejìlá. Ó jáde nílé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ó fa kọ́tìnnì, ó sùn di aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ó tó wẹ̀ kó tó jẹun, aago mẹ́rin ti lù, oòrùn ti wọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń kó lẹ́tà kiri lọ́sàn-án ń gbé òpópónà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí ìmọ́lẹ̀ tó ń kàn án pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Tí olùwádìí bá kọ “Manchester” sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì tí kò sì béèrè àkókò iṣẹ́, ohun tó ń wá ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó kù ni ìnìkanwà, gbèsè, ìwé ìgbélùú tí kò tíì jáde, ìwọ̀sí níbi iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nígbàkígbà nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, owó tí wọ́n kó lọ ti ń tán, ìdánwò ti dé, àárò ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lọ́kàn, àwọn ará ilé sì ti ń pè pé Kérésì ti dé, kí ni ẹ ó fi ránṣẹ́. Òkùnkùn àti ìṣòro dé lóṣù kan náà. Ta ni ká wá mú níbẹ̀?

Ọmọkùnrin ni tèmi. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Rárá o. Obìnrin ló pọ̀ jù, àmọ́ ọkùnrin kì í tètè lọ sílé ìwòsàn, ó sì lè jẹ́ ìbínú tàbí ọtí ni ẹ ó kọ́kọ́ rí lára tirẹ̀.

Ṣé nítorí pé àwọ̀ wa dúdú ni? Wọ́n ní fítámì D ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òótọ́ ni pé àwọ̀ dúdú nílò oòrùn púpọ̀ ju àwọ̀ funfun lọ kó tó lè ṣe fítámì D, oòrùn apá àríwá kò sì lágbára tó nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ìlú Ọba fi ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti lo 10 microgram lójúmọ́ nígbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, tí wọ́n sì ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Kí àwọn ọmọ wa lò ó nítorí egungun àti iṣan wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé fítámì D ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìgbà òtútù kò lágbára. Ojú ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yìí ń gbà wọlé, kì í ṣe awọ ara.

Ṣé ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí ìlú Oǹdó lè ní i?

Ní tiwa níbí, nǹkan bíi digírì 7 péré ni a fi wà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún kò pé wákàtí kan. Ní London, ọjọ́ tó gùn jù ju wákàtí 16 lọ, èyí tó kúrú jù kò sì pé 8. Nítorí náà n kò ní máa wá irú èyí tí òkùnkùn ń fà káàkiri Ọjà Ọba.

Síbẹ̀, ìgbà ń yí padà lọ́dọ̀ wa náà. Òjò máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, ọyẹ́ máa ń dé, ooru máa ń mú kí ènìyàn má lè sùn ní oṣù kejì sí ìkẹta. Rosenthal àti Wehr gan-an kọ̀wé lọ́dún 1987 nípa àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń mú nígbà ooru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ará Àkúrẹ́ wé ará Edmonton ní Kánádà gbọ́dọ̀ béèrè nípa ìgbà tiwa, kó má kàn gbà pé nílé gbogbo oṣù bára dọ́gba.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ìwé ìbéèrè wo ni kí n lò?

Èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò ni SPAQ, tí Rosenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ohun mẹ́fà ló ń béèrè bóyá wọ́n ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà: oorun, bíbá ènìyàn ṣe pọ̀, bí inú ṣe rí, ìwọ̀n ara, bí oúnjẹ ṣe ń wuni, àti agbára. Ìkọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Ẹni tó bá ní 11 sókè, tó sì sọ pé ó ń dá òun láàmú dé ìwọ̀n kan, ni wọ́n máa ń kà mọ́ àwọn tó ṣeé ṣe kó ní àìsàn náà.

Ó yá ní lílò, ó sì rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ìrántí ló gbára lé, àti pé ó máa ń ka àwọn tí kò ní i mọ́ àwọn tó ní i. Ẹni tí ẹ bá bi nípa òtútù nígbà tí òtútù wà lára rẹ̀ lè má dáhùn bí ẹni tí ẹ bi nínú oṣù keje. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ń ka ìbéèrè náà mọ ohun tí ẹ ń wá láti ìlà kejì.

Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wálé fún Kérésì láti Calgary nígbà tó ń kún un ní Alágbàká. Nígbà tó dé orí ìwọ̀n ara, ó fi bẹ́líìtì rẹ̀ hàn mí. Ihò mẹ́ta ló ti gbó lórí rẹ̀: ó ní ti oṣù kẹjọ nìyí, ti oṣù kejìlá nìyí, èyí tó gbẹ̀yìn ni ti oṣù kejì. Ó kọ 4 síbẹ̀. Nígbà tó kan bí inú ṣe ń rí, ó kọ 0. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun kò fi gbé fóònù ìyá òun lọ́dún tó kọjá!

Nítorí náà, ẹ má fi SPAQ dá dúró. Ẹ so PHQ-9 mọ́ ọn, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, tí Abiodun Adewuya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán wò láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, tí iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2006. Kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń kọ́kọ́ sọ: orí ń gbóná, ara ń ro mí, àyà mi ń já, nǹkan ń rìn lára mi. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell wádìí ní agbègbè Abẹ́òkúta lọ́dún 1961, àmì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń béèrè, wọn kò dúró de orúkọ àìsàn, wọ́n sì rí i pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ láàárín wa. Ọ̀nà yẹn ṣì dára.

Báwo ni mo ṣe máa ya òkùnkùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣòro àjòjì?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì ń fò dá. Mo ní ìmọ̀ràn méjì.

Àkọ́kọ́, ẹ lo oṣù tí wọ́n dé. Àwọn kan ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn kan ní oṣù kìíní, díẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ẹ tẹ̀ lé gbogbo wọn, kí ẹ máa bi wọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún kan àbọ̀. Tó bá jẹ́ pé dídé àjòjì ló ń dà wọ́n láàmú, ọkàn wọn máa rẹ̀wẹ̀sì ní iye oṣù kan náà lẹ́yìn tí wọ́n dé, ìgbà yòówù kó jẹ́. Tó bá jẹ́ òkùnkùn, oṣù kejìlá àti ìkíní ló máa mú gbogbo wọn, àwọn tó dé ní oṣù kìíní á sì máa gbéra sọ nígbà tó bá di oṣù karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni wọ́n ṣì jẹ́. Bíbi ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn láéláé.

Èkejì, ẹ lo ọmọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n wà ní Winnipeg, àbúrò wà ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Yaba ní ìlú Oǹdó. Ìyá kan, bàbá kan, ìtàn ìdílé kan náà. Ẹ bi àwọn méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Àwa tó wà nílé la lè ṣe èyí dáadáa ju yunifásítì òkè òkun lọ, nítorí a mọ ilé tí àwọn ọmọ náà ti jáde. N kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tàbí ti UNIMED kò fi ní lè ṣe é.

Kí ẹ sì rí i pé ẹ kọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún olúkúlùkù: àkókò iṣẹ́, wákàtí tó ń lò níta nígbà tí oòrùn wà, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, oògùn tó ń lò, bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe rí, iye tó ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ṣé mo lè fi ìbéèrè sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ní òkè òkun?

Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú gan-an ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, tàbí kó ti pa ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Ẹni tó sì ń jìyà rẹ̀ tó sì fẹ́ sọ ọ́ ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Àárín àwọn méjèèjì lẹ ó pàdánù. Ẹ gba ẹnu òbí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ilé dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín, àti ìyọ̀ǹda ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ìdáàbòbò àṣírí ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 de ohun tí ẹ bá kó jọ, òfin ìlú tí wọ́n ń gbé náà lè dè é. Ẹ má kọ orúkọ mọ́ ìdáhùn. Ẹ̀rù ìwé ìgbélùú ń ba àwọn ènìyàn yìí, wọ́n ń rò pé tí wọ́n bá sọ pé ọkàn àwọn dàrú, yóò dé etí ọ́fíìsì kan.

Ohun kan wà tí n kì í fi ṣeré rárá. Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń béèrè bóyá ènìyàn ń ronú ikú. Tí ẹnì kan bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ẹ bá ń ka èsì ní oṣù mẹ́fà sí i. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa pè é lọ́jọ́ náà, kí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìlú tó ń gbé sì wà lórí fọ́ọ̀mù. Tí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ má ṣe ìwádìí náà.

Wọ́n fún ọmọ mi ní àpótí ìmọ́lẹ̀. Ṣé iná lásán lè wo àìsàn ọkàn?

Ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n sábà ń lò máa ń mọ́lẹ̀ tó 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí láàárọ̀, wọn kì í tẹjú mọ́ ọn. Gílóòbù inú ilé kì í ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lux lọ. Lọ́dún 2006, Raymond Lam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi ìmọ́lẹ̀ wé fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lára ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, iye ènìyàn tí ara wọn yá dọ́gba lọ́nà méjèèjì. Ìjíròrò ìtọ́jú ọkàn náà dára. Kelly Rohan ní Yunifásítì Vermont rí i, nínú iṣẹ́ tó jáde lọ́dún 2016, pé lẹ́yìn ìgbà òtútù méjì, ìdá 27.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìjíròrò ni àìsàn náà padà sí lára, nígbà tí ti àwọn tó lo ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 45.6.

Ìkìlọ̀: ẹni tó ní bipolar kò gbọ́dọ̀ dá a lò, ó lè gbé inú rẹ̀ sókè dé ibi ewu. Kí ẹni tí ojú ń dùn bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ẹ má sì fi oògùn ránṣẹ́ láti ilé.

Pásítọ̀ wa ní ogun ìdílé ni.

Mo ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn aláìsàn tó bá ní kí a gbàdúrà. Ohun tí mo ń bẹ àwọn òbí ni pé kí wọ́n má sọ fún ọmọ tó wà nínú yàrá ṣókùnkùn lókè òkun pé kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje kó sì má jáde. Oúnjẹ, oorun tó ní àsìkò àti ìrìn níta lọ́sàn-án ló nílò. Kí ẹ gbàdúrà, kí ó sì rí dókítà.

Kí ni mo lè ṣe láti ilé?

Ẹ pè é láàárọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe lóru, kí ẹ sì sọ fún un pé kó máa rìn níta bó bá ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bi í nípa oorun, nípa ìgbà tó jáde kẹ́yìn, nípa ẹni tó rí lónìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó Kérésì sílẹ̀ lọ́dún yìí. Tó bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má bá a jà, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, 988 ni wọ́n ń pè. Ní Ìlú Ọba, 116 123, tàbí 999 tí ewu bá ti dé tán.

Ṣé kó kúkú padà wálé?

Kò yẹ kí ẹ pinnu rẹ̀ nínú oṣù kejìlá, nígbà tí ohun gbogbo ṣókùnkùn lójú rẹ̀, àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò bá sí ẹni tó lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gba ìtọ́jú, kó yí iṣẹ́ òru padà tó bá ṣeé ṣe, kó sì kọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe sílẹ̀ láti oṣù sí oṣù. Tó bá di oṣù kẹrin tí oòrùn ti padà tí ọkàn rẹ̀ kò padà, kì í ṣe ti ìgbà òtútù nìkan mọ́, kó sì padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Tó bá sì ti wà nílé báyìí, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà ní Àkúrẹ́, àwọn dókítà ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn UNIMED. Kó mú ìwé tó kọ oṣù sí oṣù yẹn dání wá.